Iṣẹ́ bọ́, iṣẹ́ olówó kékeré yọjú l'Óṣogbo: ṣé kí n gbà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lemọ́lemọ́ la kó jọ síbí. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó oṣù tí a fi ṣe ìṣirò jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn, ẹ tún un ṣe.

Wọ́n dá mi dúró lóṣù tó kọjá. Iṣẹ́ kan ti yọjú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, wàhálà rẹ̀ sì pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ gba lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò tíì di iṣẹ́. Lẹ́tà yẹ kó sọ iye owó oṣù, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, aago ìwọlé àti ìjáde, iye ọjọ́ lọ́sẹ̀, bí àsìkò ìdánwò (ìgbà tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ yín kí wọ́n tó gbà yín pátápátá) ṣe gùn tó, àti bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ṣe lè fòpin sí i. Tí wọ́n bá ní "ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná, lẹ́tà á tẹ̀ lé e", ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: "Ẹ ṣé sà. Ohun tó yé mi ni pé ₦120,000 lẹ ó máa san, Mọ́ńdè sí Sátidé, aago méjọ sí márùn-ún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?" Tí wọ́n bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tọ́jú èsì náà.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta, láti ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti kọ àdéhùn sílẹ̀ fún un. Kí lẹ́tà pẹ́ díẹ̀ kò burú. Kí wọ́n máa yẹra fún kíkọ ọ́ ló burú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀gá tó bá ní àfi lónìí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á fún ẹlòmíràn, ti fi bí yóò ṣe máa pàṣẹ fún yín hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni iléeṣẹ́ tó dá mi dúró ṣì jẹ mí?

Owó tó bá ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ló máa sọ bí ẹ ṣe lè rọra yan iṣẹ́ tó, nítorí náà ẹ tọpa rẹ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ wo owó oṣù tó kù, owó ìsinmi ọdọọdún tí ẹ kò tíì lò, owó àkókò ìfitónilétí (ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí) àti owó gbà-má-bìínú (owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù).

Tí wọn kò bá fún yín ní àkókò ìfitónilétí, owó rẹ̀ ni kí wọ́n san. Ohun tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ nìyí: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí lẹ́tà yín bá ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀, ti lẹ́tà lẹ ó dì mú.

Ní ti gbà-má-bìínú, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin dárúkọ iye kan. Kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí abala 20 Òfin Iṣẹ́ sọ ni pé kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ ìdí rẹ̀ àti iye ẹni tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ jáde (bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeégbọ́kànlé ẹni mọ́ ọn), kí ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó. Iye owó gan-an wà nínú lẹ́tà yín, ìwé òfin iléeṣẹ́ tàbí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ sì rántí pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni Òfin Iṣẹ́ yìí ń sọ̀rọ̀ bá. Ẹni tó bá wà nípò alákòóso tàbí onímọ̀ṣẹ́, ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ ló máa fi jà.

Ṣé iléeṣẹ́ aládàáni lè san owó tó kéré sí ₦70,000?

Àwọn kan lè san án. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní 29 oṣù Keje, 2024 gbé e sí ₦70,000, ṣùgbọ́n kò mú iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Bẹ́ẹ̀ ni kò mú ẹni tó ń ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí kọmíṣọ̀n tàbí lórí iye ohun tó bá ṣe, àti oníṣẹ́ oko onígbà-dé-gbà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, iléèwé aládàáni kékeré àti ilé ìtajà oògùn tó wà láti Ọláìyá dé Ìgbọ̀nà ni òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25. Iléeṣẹ́ tó bá ní 40 òṣìṣẹ́ tó sì ń san ₦50,000 ń rú òfin.

₦75,000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí lọ́dún 2024 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò de aládàáni. Ẹ lè fi ṣe òdiwọ̀n tí ẹ bá ń dúnàádúrà, àmọ́ ẹ má fi halẹ̀.

₦140,000 ló wà nínú lẹ́tà. Èló ló máa wọ báǹkì mi?

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì. Tí iléeṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó di dandan: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún látọ̀dọ̀ yín, ìdá 10 ó kéré tán látọ̀dọ̀ wọn. Lórí owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ₦140,000 ló wọ inú rẹ̀, ₦11,200 ni tiyín lóṣù.

Lẹ́yìn náà ni owó orí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí mọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé ọdún kan kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ṣùgbọ́n ohun tó máa yọ kò lè ju ₦500,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é: ₦1,680,000 lọ́dún, ẹ yọ ₦134,400 ti ìfẹ̀yìntì, ẹ yọ ₦60,000 nítorí owó ilé ₦300,000, ó ku ₦1,485,600. Ẹ tún yọ ₦800,000, ó ku ₦685,600. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦102,840 lọ́dún, ₦8,570 lóṣù.

Ohun tó máa wọlé nìyẹn: ₦120,230. Tí wọ́n bá tún yọ nǹkan mìíràn, ẹ bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀. Owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ló ni ín láti san. Wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára yín.

Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí iṣẹ́ náà tó gan-an?

Ẹ má fi owó oṣù wé owó oṣù. Ẹ fi owó tó kù lọ́wọ́ wé iye wákàtí tí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, ìrìn àjò inú rẹ̀.

Ká ní Òkè-Baálẹ̀ lẹ ń gbé, Ẹdẹ ni iṣẹ́ tuntun wà. Ọ̀kadà dé Old Garage, kọ̀rọ̀pẹ́ dé Ẹdẹ, ₦800 ní àlọ, ₦800 ní àbọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ 26 lóṣù: ₦41,600. Oúnjẹ ọ̀sán ₦1,000 lóòjọ́: ₦26,000. Dátà àti káàdì ìpè tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ wọn: ₦6,000. Nínú ₦120,000 tó wọlé, ₦46,400 ló kù. Ní ti àkókò, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí 11, ojú ọ̀nà gba wákàtí 2, ó di 13. Ní ìlọ́po 26, ó jẹ́ wákàtí 338. Ẹ pín in: nǹkan bíi ₦137 ni wákàtí kan.

Ẹ ṣe bákan náà fún iṣẹ́ tó bọ́. Ká ní ₦130,000 ló ń wọlé, ọjọ́ 22, wákàtí 8 níbi iṣẹ́ àti ọ̀kan lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ₦600, oúnjẹ ₦500. Owó tó kù jẹ́ ₦105,800, wákàtí jẹ́ 198, ìyẹn ₦534 ní wákàtí kan. Lórí ìwé, ₦10,000 péré ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Nínú ìgbésí ayé yín, wákàtí kan níbi iṣẹ́ tuntun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti iṣẹ́ àtijọ́ lọ.

Àwọn ohun tí èèyàn máa ń gbàgbé láti kà: aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ rán, owó ẹni tó ń bá yín mú ọmọ níléèwé nítorí pé ẹ kì í tètè dé, owó ọkọ̀ tó máa ń wọ́n sí i lọ́jọ́ òjò àti ní alẹ́, àti epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ó máa fi parí iṣẹ́ wọn nílé. Ẹni tó ń ta nǹkan díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tún gbọ́dọ̀ ka èrè tí kò ní rí mọ́.

Oṣù mélòó ni owó ọwọ́ mi lè gbé mi?

Ẹ kó gbogbo owó jọ, kí ẹ wá yọ ohun tó ní ọjọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn: owó ilé, owó iléèwé, àjọ tí ẹ ti kó tí ẹ ṣì ń dá padà, gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ká ní ₦640,000 ló wà, owó ilé ₦150,000, owó iléèwé ₦90,000. ₦400,000 ló kù fún jíjẹ àti mímu. Tí ilé ń ná ₦110,000 lóṣù, tí ẹnìkejì yín ń mú ₦30,000 wálé, ₦80,000 ló ń jáde. Oṣù márùn-ún ni yóò gbé yín.

Ẹ wá fi iṣẹ́ tuntun sí i. ₦46,400 tó ń kù lára rẹ̀ yóò dín ohun tó ń jáde kù sí ₦33,600. Oṣù márùn-ún di nǹkan bíi 12. Ohun tí iṣẹ́ burúkú ń ṣe fún èèyàn nìyẹn: ó ń ra oṣù fún yín, ó sì ń fi wákàtí 338 gba owó rẹ̀ lóṣù. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹ lè fi ìwọ̀nba wákàtí tó ṣẹ́ kù wá iṣẹ́ gidi.

Ìdájọ́ tiwa: tí owó ọwọ́ kò lè gbé yín kọjá oṣù méjì, ẹ gbà á, ẹ máa wá òmíràn láti ibẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù méjì sí márùn-ún, ẹ gbà á kìkì tó bá fi ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí ìrọ̀lẹ́ méjì sílẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀. Tó bá ju oṣù márùn-ún lọ, ẹ lè kọ̀ ọ́ láìní ẹ̀rù, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó jókòó sílé láìwá iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ṣé mo lè yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi báyìí?

Tí ẹ kò bá tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí ẹ kò rí iṣẹ́ mìíràn, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gbà kí ẹ yọ owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì yín. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín lẹ ó ti béèrè. Ẹ mú lẹ́tà ìdádúró, káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà àpò ìfẹ̀yìntì yín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, dání.

Ibi tó ti ń dun àwọn kan: wọ́n gba iṣẹ́ olówó kékeré lóṣù kẹta lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, wọ́n sì tún gbójú lé ìdá 25 yìí láti san owó ilé. Ẹni tó ti rí iṣẹ́ kí oṣù mẹ́rin tó pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Tí owó náà bá tóbi, ẹ fi sínú ìṣirò kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Wọ́n ní kò sówó mọ́, ohun tí wọ́n lè san nìyẹn. Kí ni mo tún lè béèrè?

Ẹ béèrè ohun tí kò ní orúkọ owó. Sátidé ni ká kọ́kọ́ mú. Nínú àpẹẹrẹ Ẹdẹ yẹn, tí wọ́n bá fi Sátidé sílẹ̀, ọjọ́ 26 di 22, ohun tó ń kù lọ́wọ́ yín gòkè láti ₦46,400 sí ₦56,800, wákàtí 338 wálẹ̀ sí 286. Ó ju kí wọ́n fi ₦10,000 kún owó oṣù lọ, kò sì ná ọ̀gá ní nǹkan kan tó máa hàn nínú ìwé owó rẹ̀.

Lẹ́yìn Sátidé, ẹ béèrè ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tàbí owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, káàdì ìpè, aago ìjáde tó dúró lójú kan, tàbí kí ẹ máa ṣe ọjọ́ kan láti ilé. Ẹ mú méjì péré. Ẹni tó béèrè mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í fún un ní ọ̀kan.

Bí ẹ ṣe lè gbé e kalẹ̀: "Ẹ ṣé mà, inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Mo ti ṣírò owó ọkọ̀, ó ń kó ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Tó bá ṣeé ṣe kí n máa ṣe Mọ́ńdè sí Fúráìdè, màá lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù, nítorí a ti mọ́ wa lára láti máa tọrọ àforíjì lẹ́yìn tá a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Wọ́n ní àwọn á fi kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́?

Kí wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú iye àti ọjọ́: "₦150,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, tí ó bá yege àsìkò ìdánwò." "A ó tún un wò" kì í ṣe ìlérí. Kí ẹ sì wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ti lo ọdún kan níbẹ̀ bóyá wọ́n fi kún tirẹ̀.

Kí ni kí n bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀?

Ẹ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago ìjáde, kí ẹ dúró níta. Tí aago márùn-ún bá lu tí ẹnikẹ́ni kò jáde títí di mẹ́fà ààbọ̀, ẹ ti rí aago ìjáde gan-an.

Tí ẹ bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹ má bèèrè pé "ṣé iṣẹ́ yín dáa?" Ẹ béèrè pé: ọjọ́ wo ni owó oṣù tó kọjá wọlé? Ṣé wọ́n ti san àbọ̀ owó oṣù rí? Ta ló wà nípò yìí tẹ́lẹ̀, kí ló sì mú un lọ? Ṣé owó ìfẹ̀yìntì yín ń wọlé? Lórí èyí tó gbẹ̀yìn, òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tó bá san owó oṣù láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì dé sórí fóònù òṣìṣẹ́ tàbí kó hàn nínú ìwé àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò rí i fún oṣù mẹ́jọ ti dáhùn ìbéèrè yín. Owó oṣù tó ń pẹ́ burú ju owó oṣù tó kéré lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ọ́ṣun nígbà àbọ̀ owó oṣù, láti 2015 sí 2018, kò nílò ká ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ṣé òfin sọ iye wákàtí tí wọ́n lè lò mí?

Kò dárúkọ iye kan. Àdéhùn ló fi í sí, ìdí nìyẹn tí aago fi gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà: ohun tó bá kọjá rẹ̀ ni àfikún iṣẹ́. Ohun tí òfin là sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni wákàtí kan ó kéré tán fún ìsinmi fún ẹni tó ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù 12, àti ọjọ́ iṣẹ́ 12 fún àìsàn lọ́dún. Tí lẹ́tà bá ní ọjọ́ méje lọ́sẹ̀, ẹ fi han ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Wọ́n fẹ́ gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi àti onídùúró méjì. Ṣé ó dáa?

Onídùúró kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó máa buwọ́ lù kí ẹ tó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀ yín. Tó bá sọ pé onídùúró yóò san "ohunkóhun tó bá sọnù", láìdárúkọ iye, gbèsè tí kò ní ìdérí lẹ fẹ́ gbé lé wọn lórí. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye kan.

Ojúlówó ìwé ẹ̀rí, rárá. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó, ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀, ẹ gbé e padà wálé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá kò lè lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíràn láìtọrọ àṣẹ.

Iṣẹ́ tó ní táàgẹ́ẹ̀tì ńkọ́, bíi ti màíkrófáínáǹsì?

Ẹ pín owó rẹ̀ sí méjì: èyí tó dájú àti èyí tó rọ̀ mọ́ táàgẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dájú nìkan ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní epo ọ̀kadà, nítorí ẹni tó ń gba owó kiri láti ọjà Ìgbọ̀nà dé Ìlobùú lè ná ìdá mẹ́rin owó oṣù sórí ìrìn nìkan.

Ohun tó ń ba ti àwọn èèyàn jẹ́ níbẹ̀ ni pé oníbàárà yá owó, ó sá lọ, wọ́n wá ń yọ ọ́ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ kò gbà kí wọ́n yọ owó nítorí òfò àyàfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó kọtí ikún sí iṣẹ́, ìyẹn náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ látọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Tí ẹ bá rí gbólóhùn pé "òṣìṣẹ́ yóò san gbèsè oníbàárà" nínú lẹ́tà, ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ má buwọ́ lù ú.

Wọ́n ní kí n san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má san án. Iṣẹ́ kọ́ nìyẹn.

Tí mo bá gba owó kékeré báyìí, ṣé kò ní ba owó iṣẹ́ tó kàn jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ tí ẹ bá ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá bi yín ní iye tí ẹ ń gbà, ẹ lè sọ iye tí ẹ ń wá: "Nǹkan tí mo ń wò fún ipò yìí ni ₦180,000 sí ₦220,000." Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́, nítorí àwọn kan máa ń béèrè ìwé owó oṣù.

Ohun tó ń bani jẹ́ ju owó lọ ni orúkọ ipò. Ẹni tó jẹ́ oníṣirò owó tó wá di "olùrànlọ́wọ́ ọ́fíìsì" fún ọdún méjì yóò ṣàlàyé púpọ̀. Tí wọn kò bá lè fi owó kún un, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ipò tó bá iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe mu. Kì í ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ ọ́ láìtàbùkù wọn?

Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kí ẹ lọ kí ẹ tó dá ọ̀gá náà lóhùn. Wọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ dúpẹ́ fún wàhálà tí wọ́n ṣe, kí ẹ wá fi ìwé ìṣirò hàn wọ́n. "Owó náà kéré" máa ń dún bí ìgbéraga létí àgbà. "Ẹ wò ó mà, lẹ́yìn owó ọkọ̀, ₦46,000 ló máa ń kù, mi ò sì ní máa délé ṣáájú aago méje ààbọ̀ alẹ́" máa ń mú kí àwọn fúnra wọn sọ pé kò dáa.

Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa mú lọ bá ọ̀rẹ́ wọn, nítorí ojú tiwọn náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá mọ ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà bá mu, bóyá ẹni tó ń gbé ní Ẹdẹ gan-an, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó mú arọ́pò wá kò ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ gbà á, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí àgbà báni wá ṣòro láti fi sílẹ̀ lóṣù kẹta. Ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ṣì ń wá òmíràn.

Iṣẹ́ kan wà ní Èkó tó ju èyí lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣé kí n lọ?

Ẹ ṣe ìṣirò wákàtí kan náà, kí ẹ fi owó ilé Èkó sí i, àti owó tí ẹ ó fi máa wá wo ìdílé. Tí ẹ bá ní ilé ẹbí tí ẹ lè dé sí fún oṣù mẹ́fà, ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Láìsí ìyẹn, ìlọ́po méjì kì í sábà tó.

Ṣé mo lè gbà á, kí n máa wá òmíràn lábẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwọn náà lè dá yín dúró nígbà ìdánwò. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà tàbí ímeèlì wọn fún un, ẹ má sì sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín kankan. Ẹ ya ìrọ̀lẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí tí ẹ bá ní ẹ ó dúró kí iṣẹ́ mọ́ yín lára, oṣù mẹ́fà á ti kọjá.

Ẹ wo àkókò ìfitónilétí inú lẹ́tà kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Lábẹ́ òfin, ọ̀sẹ̀ kan ló kéré jù fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Tí wọ́n bá kọ oṣù mẹ́ta fún iṣẹ́ ₦120,000, ẹ ní kí wọ́n dín in kù sí oṣù kan, nítorí agbanisíṣẹ́ tuntun kì í sábà dúró ju ìyẹn lọ. Bákan náà ni ìwé tó ní ẹ kò gbọdọ̀ lọ fún ọdún méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí ẹ san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà: ẹ bi wọ́n ní iye ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí iye tí ẹ ó san sì máa dín kù lóṣooṣù.

Iléeṣẹ́ tó dá mi dúró ló tún ń pè mí padà, wọ́n ní kí n wá ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó tó kéré, láìsí lẹ́tà òṣìṣẹ́ gidi. Ṣé kí n lọ?

Ìbéèrè yìí ló ní pańpẹ́ jù. Tí wọn kò bá tíì san gbà-má-bìínú tán, ẹ má buwọ́ lu ìwé tuntun kankan. Gbólóhùn tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, pé kò sí ohun tó kù láàárín yín. Ẹ gba owó àtijọ́ kó wọ báǹkì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun.

Pípè tí wọ́n ń pè yín fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣì wà, ẹlòmíràn kò sì lè ṣe é. Agbára yín nìyẹn, ó sì pọ̀ ju ti ẹni tó ń kọ lẹ́tà wáṣẹ́ láti ìta lọ. Ẹ má gbà á lóṣooṣù. Ẹ dá a lé iye ọjọ́ tàbí iye iṣẹ́: ẹ mú owó oṣù yín àtijọ́, ẹ pín in sí 22, kí ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lé e, nítorí kò sí ìsinmi, owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó àìsàn nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gba ₦150,000 tẹ́lẹ̀ yóò béèrè nǹkan bíi ₦8,500 lóòjọ́, kí wọ́n máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ̀, tí owó ọwọ́ yín kò sì lè gbé yín kọjá oṣù méjì, ẹ lè lọ fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà ìdádúró, ìwé owó oṣù àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín àtijọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ tó tún wọ ẹnu ọ̀nà wọn.